Ẹfinrin Tí Mo Fi Wáyà Yí Ká

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ sì kú ọ̀gìnnìtìn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó níbí. Mo kí Bọ̀dá àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agbo ilé.

Iṣẹ́ tí ẹ rán dé etí mi. Ẹ ní ewúrẹ́ ti jẹ ẹfinrin ẹ̀yìnkùlé tán tòun ti gbòǹgbò, kí n fi irúgbìn èyí tí ẹ fún mi ránṣẹ́, torí pé ọwọ́ ìyá yín ló ti wá, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àwọn tí mò ń bá gbé fún yín.

Bí òjò bá rọ̀, omi á mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú yàrá. Síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ Èkó làwọn, èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, tí mò ń de táì lọ sí ọ́fíìsì, ni ará òkè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹfinrin sebẹ̀ bí a ti ń sè é nílé, gbogbo àgbàlá ló dimú. Ìyá Sikirá tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà béèrè bóyá ọbẹ̀ ni àbí àgbo, ó ní kí n rọra, kí n má fi òkèlè kan ṣoṣo wo ibà gbogbo àdúgbò. Bí mo ṣe di Bàbá Alágbo nìyẹn. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ọbẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n bí inú bá ń run wọ́n, tí oògùn kẹ́mísì kò ràn án, ewé ta ni wọ́n ń já? Wọn kì í tọrọ. Wọ́n á já a, wọ́n á fi omi àti iyọ̀ gbo ó mu, ara wọn á yá, wọ́n á sì tún máa pè mí ní Bàbá Alágbo. Mo bá ra wáyà, mo fi yí agolo tí mo gbin ẹfinrin náà sí ká bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èmi fúnra mi kò sè é mọ́. Ojú ń tì mí, mi ò kàn lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ti sọ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ pé jíjá ló ń mú un rúwé. Ẹfinrin tí ẹnikẹ́ni kò já ga gàgàrà, ó yọ òdòdó, igi rẹ̀ le, ó sì gbẹ. Irúgbìn rẹ̀ dà sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n gbá a dànù.

Nígbà tí iṣẹ́ yín dé, mo wá ẹfinrin kiri. Ẹyọ kan ló kù ní gbogbo àgbàlá, ó wà nínú garawa jíjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì Ìyá Sikirá. Obìnrin náà ti ṣẹ́ ẹ̀ka lára tèmi lọ gbìn kí n tó ra wáyà. Olè. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló ń já a, ó sì kún bí igbó.

Mo lọ bá a. Ó béèrè bóyá wáyà mi ti so èso. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọn irúgbìn sínú àjákù àǹkárá, ó so ó, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní òun kí Mọ́mì tó wà ní ìlú òkè, kí wọ́n má fi wáyà yí tiwọn ká.

Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ̀. Aláfojúdi ni, ó sì ń jalè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ewé ìyá yín ti yè, tèmi ló kú sí. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ orúkọ tí ó yẹ kí n pe ara mi.

Irúgbìn náà wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀. Ẹ má wo kíkéré rẹ̀. Ẹ lé ewúrẹ́ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí aládùúgbò máa já a. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ilé kò ní tú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàbá Alágbo.