Kọ̀ǹpútà Bàbá Kò Bàjẹ́ Mọ́

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹpútà,
                                        Òpópó Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yẹn tó máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ bí mo bá pè? Àwa níbí wà, ara wa le. Ara Bàbá wa náà le. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ ọ́: bí o ti rí lẹ́tà dípò ìpè, o ti máa ká aṣọ sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lórí fóònù kí n má sunkún ni mo kó sínú ìwé.

O rántí bí kọ̀ǹpútà Bàbá ṣe jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kó má ṣàìsàn. Bí fáírọ́ọ̀sì ò bá mú un, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ tí mo bá sì fẹ́ sinmi gan-an ni wọ́n á pè mí: "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yìí tún ti gbé ìṣe rẹ̀ dé o." Mo máa gbéra. Bí mo ṣe ń tú u wò, wọ́n á bu tíì, wọ́n á fa àga wọn sún mọ́ tèmi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn ilé tí wọ́n ya àwòrán wọn nígbà tí ìwọ ò tíì mọ ìrìn rìn, àti àtẹ̀gùn kan tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi síbi tí kò yẹ, tí Màmá wò títí, tí wọ́n ní àwọn ò gùn ún láé. Ká tó parí, ilẹ̀ á ti ṣú. Mo máa ń kùn délé ni.

Nígbà tí iṣẹ́ wá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo sọ fún Bàbá pé ká nu ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wọn kúrò, ká fi Linux sí i. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn tó mọṣẹ́ káàkiri ayé ló ń jọ ń tún un ṣe, pé fáírọ́ọ̀sì kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu. Wọn ò fẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti mọ ọ̀nà inú ti àtijọ́, àwọn lè dijú rìn ín. Mo rọ̀ wọ́n, mo tún rọ̀ wọ́n. Níkẹyìn wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ ohun tí yóò fún ọ nísinmi nìyẹn, ṣe é." Etí mi gbọ́ ọ, mi ò ro ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le fún wọn. Ẹni tó ti mọ ti àtijọ́ dunjú ló máa ń jìyà jù nínú irú nǹkan báyìí, ẹni tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tó máa gbàgbé. Ìka wọn á lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára, wọn ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán ilé kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ, olórí kunkun ni wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo fi sí i lọ. Ìpè bá dáwọ́ dúró. Inú mi dùn gan-an, mo ń fọ́nnu fún ọkọ mi pé mo ti wo ẹ̀rọ Bàbá sàn. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Bí mo bá pè, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èmi náà á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àlàáfíà ẹ̀rọ ni mò ń béèrè, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ní báńkì. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní òun ti rò pé mo kó kúrò nílùú. Ojú tì mí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo lọ. Mo bá Bàbá nídìí kọ̀ǹpútà, awò lójú wọn. Wọ́n ní kí n jókòó ná, ẹnì kan ń dúró de àwọn. Mo yọjú wò ó. Ibi tí àwọn tó ń lo Linux ti máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, Bàbá wa sì ni wọ́n ń bi léèrè. Ẹnì kan tó ti lo ètò àtijọ́ pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ò dá a lóhùn, ó ti fẹ́ máa padà síbi tó ti wá. Bàbá ń fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Wọ́n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lórí ti àtijọ́, kó lè fi lóye ti tuntun. Ohun tí mo máa ń wá ṣe fún wọn gan-an ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n délẹ̀, wọ́n tiẹ̀ mọ ibi tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Òwe ní bọ́mọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi máa ń pè mí. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ṣé ká kàn pè é pé kó wá jókòó ni?"

Mo padà sílé. Mo ronú títí, mo wá dá ọgbọ́n kan. Lánàá mo mọ̀ọ́mọ̀ da kọ̀ǹpútà tèmi rú kí ohùn rẹ̀ má jáde, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún ọkọ mi pé kó má retí mi bọ̀rọ̀. Mo gbé e fún Bàbá, mo ní ó ti sú mi. Omi tíì tí mo gbé kaná ò tíì hó tí orin fi ń jáde nínú rẹ̀. Wọ́n pa á dé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Inú wọn dùn dénú pé àwọn ò dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ó ti tán, Ẹnjiníà. Mo mọ̀ pé kò sáyè fún ọ. Tètè máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Mo dúpẹ́, mo sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mí, àbúrò mi. Èmi ni mo kọ́ wọn pé mi ò ráyè.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ pé kó máa já fóònù gbà lọ, mi ò bínú. Bí o bá pe Bàbá, jọ̀ọ́, má béèrè ẹ̀rọ, má wá ìdí kankan tí o fi pè. Kéèyàn lọ láìní ìdí kò rọrùn bí mo ṣe rò. Láàárọ̀ yìí mo tún lọ, mi ò gbé nǹkan kan dání. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé nínú ilé. Mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí pé kí ló bàjẹ́, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láìkànlẹ̀kùn.

                                        Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ gbogbo,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ẹnjiníà.