Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ṣì Ń Mì Kí N Tó Gbé E Jókòó

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣì ń mì kí n tó gbé e jókòó. Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún kẹta rèé, nígbà tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba fi kún owó epo tí ọkọ̀ sì di àwátì ní Ore. Bọ́ọ̀sì kan gbókìtì lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àgbẹ̀ kòkó kan láti abúlé kan nítòsí Odigbo wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àwa tá a sáré débẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n ti kọ́ ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ní gáréèjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́ wa pé bí ọrùn bá ń dun ẹni tó ní jàǹbá, ẹ má gbé e dìde, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú gbọn-in, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó... Ọkùnrin náà sì sọ fún mi o. Ó ní, "Bọ̀dá, ọrùn mi ń dùn mí." Pákó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò gbé e kò sí, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló dúró, ọlọ́kadà sì ń pariwo: "Ẹ gbé e wá jàre! Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ìwé lo máa kà sí i lórí títí á fi kú ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo gbé e jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo fi àyà tì í lẹ́yìn. Gbogbo kòtò tá a bá wọ̀, orí rẹ̀ á gbá mi lágbọ̀n. Kí a tó dé ọsibítù, ó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́. Mo gbọ́.

Kò rìn mọ́ látìgbà náà. Èmi ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́, n kò sunkún rí... Ìyàwó rẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní olùgbàlà ọkọ òun. Mo máa ń jẹ́ ẹ.

Aládùúrà ni wọ́n. Wòlíì wọn ti wá sọ pé ìyàwó bàbá ọkùnrin náà, ìyá arúgbó, ló di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá ní, "Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ dàgbà?" Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Àbí ọrùn náà ti bàjẹ́ tán kí n tó fọwọ́ kàn án? Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́, àbí wọ́n á ní ìyá ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀? Ojú wo ni ìyàwó yẹn á fi wò mí? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Baálẹ̀ abúlé wọn ti ní tí oṣù yìí bá parí, kí ìyá di ẹrù rẹ̀, ọkùnrin méjì yóò sìn ín dé ojú títì, kò sì gbọdọ̀ padà wá mọ́.