Kì Í Ṣe Ojú Mi Ló Pa Ẹ́ńjìnnì Rẹ

Ìsọ̀ sìmẹ́ńtì mi,
Ìlobù.

Sofiyullah ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Munirah ìyàwó rẹ, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá àti Ìyá Àgbà. Ṣé ara gbogbo yín le? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti gba àdúà sí mọ́tò rẹ ní Ìfọ́n, o kò gbé ìpè mi mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán Shakirah àbúrò rẹ.

Òun náà ló sọ fún mi nígbà tó wá ra sìmẹ́ńtì. Ó ní mọ́tò kò jí mọ́ láti ọjọ́ náà, àti pé ojú mi ni wọ́n ní ó pa á. Ìyá Àgbà ní àwọn rí mi tí mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, tí mo tẹjú mọ́ mọ́tò, tí n kò sì ṣe àmín. Shakirah tún ní mẹkáníìkì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti yọ ẹ́ńjìnnì náà, kó fi ti mọ́tò Kámírì rọ́pò rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ. Mo jowú. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ṣì ń jowú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi Másídà pupa yẹn ránṣẹ́ láti òkè òkun, n kò rí oorun sùn. Ìwọ tó jẹ́ pé mọ́tò tó ń kó iṣu àti èyí tó ń gbé ìyàwó, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ! Èmi ni mo ti ń wo irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rótárì, lórí fóònù láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo mọ̀ pé kò ní písítìnì tó ń lọ sókè sódò, pé irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ fi ń lọ geere bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí. Èmi yìí kan náà, Míkírà tí mo fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mò ń wà. Ó dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n rántí ohun tí ẹ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mú, mọ́tò tutù. O ṣáná sí i, o wà á jáde síta, o pa á kí Àáfà lè bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí o kọ imú rẹ̀ sí kíbúlà. O ṣáná, o yí i, o tún pa á. Ìyá Àgbà ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ìwọ náà tún ṣe bẹ́ẹ̀. Rótárì kì í fẹ́ ìyẹn. Bó bá tutù, epo bẹntiróòlù púpọ̀ ló ń mu. Bí o bá pa á kó tó gbóná, epo á rin àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń tanná sí i gbingbin, iná kò sì ní ràn mọ́. Ohun tí mò ń wò nìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ èmi Amos onígbàgbọ́, tí gbogbo yín mọ̀ pé mo ń jowú, ta ni ì bá gbọ́ tèmi láàárín àdúà?

Yọ àwọn pílọ́ọ̀gì, nù wọ́n kí wọ́n gbẹ. Yọ fíúsì tó ń jẹ́ kí epo wọlé, yí ẹ́ńjìnnì lásán kí èyí tó wà nínú rẹ̀ jáde, kí o tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìsinsìnyí lọ, jẹ́ kó gbóná kí o tó pa á, sì máa wo ọ́ìlì rẹ̀ lemọ́lemọ́, torí ó máa ń jẹ ọ́ìlì. N kò ní tàn ọ́, kò ṣeé fọkàn tán bíi Kámírì.

Bí o bá yọ ẹ́ńjìnnì rótárì náà, owú mi á tán pátápátá. Ta ni í jowú Másídà tó ń fi ẹ́ńjìnnì Kámírì rìn? Oorun á padà sójú mi. Síbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má yọ ọ́. Jẹ́ kí n máa jowú lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o fi mọ́tò náà ṣe ohun ayọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má ṣì í rìn, kí ọ̀rẹ́ wa má bàjẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ,
Amos.

Mo tún rántí: bó bá ti jí, má pa á o. Wà á wá sí Ìlobù tààrà, kó gbóná dáadáa lọ́nà, kí n wà á padà sí Ìfọ́n fún ọ. Gbé Ìyá Àgbà dání. Ẹ̀gbẹ́ mi níwájú ni kí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ojú mi.