Kẹ́ẹ̀gì Epo Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ́fíìsì Yín

Abúlé Agbọ̀n,
Ọjọ́ Ẹtì.

Morádéún ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Boundary níbẹ̀? Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn, Jésù á máa ṣọ́ ọ lọ síbi iṣẹ́. Adìẹ funfun ti pa mẹ́sàn-án, àṣá ti gbé méjì.

Kó o tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, mo wá sí ọ́fíìsì yín ní Warehouse Road lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ti jáde, ọkọ̀ ò sì lè dúró dè mí. Nígbà tí Ewoma aládùúgbò rẹ gbé oògùn orúnkún tó o wé sínú ìwé wá, ó ní wọ́n ti fún ọ ní kúẹ́rì, pé o fi owó ìjọba ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ láìgbàṣẹ, o ò sì rí rìsíìtì mọ́, pé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà lè gba ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n tún lé ọ. Oorun dá lójú mi. Nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa níbí, ẹni tó bá ṣi owó ẹgbẹ́ ná, ìyá rẹ̀ á gbé epo pupa wá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Èmi náà bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan.

Àṣé ti ìjọba ò rí bẹ́ẹ̀. Màdáámù Adaeze, alága ìgbìmọ̀, ní kí n tètè gbé epo mi, pé bí àwọn bá gbà á, ẹ̀sùn rẹ á di méjì. Mo rò pé ó kéré lójú wọn ni. Mo ní kí wọ́n tiẹ̀ wò ó, kò lómi nínú, mo sì fa ìwé tí mo fi dí i lẹ́nu yọ. Ọkùnrin kan ń pariwo pé Màmá, ẹ má da epo sórí fáìlì wa o. Màdáámù ò wo epo, ìwé ló ń wò. Ó ní níbo ni mo ti rí i. Mo ní òun lọmọ mi fi wé oògùn, èmi kì í ju ìwé nù.

Rìsíìtì dísẹ́ẹ̀lì rẹ ni! Òǹtẹ̀ ilé epo ò tiẹ̀ parẹ́.

Wọ́n ní o ò ní san kọ́bọ̀, ìwé ìkìlọ̀ nìkan lo máa gbà, torí o ò gbàṣẹ kó o tó rà á. Gbà á, kó o dúpẹ́.

Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kẹ̀kẹ́ gba ẹgbẹ̀rún kan nítorí kẹ́ẹ̀gì, ọṣẹ tí mo fi fọ epo kúrò láṣọ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́, ìyókù jẹ́ ti ojú tó tì mí. Má fi í sínú fóònù mi o, ó ń kọ ọ́ síwájú pé òun ti kún, kò sáyè owó níbẹ̀. Fi rán Ewoma.

Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ lé ọ, ibẹ̀ ni wọn ó ti gbé ọ ga. Àmín.

Ìwé tó o bá máa fi wé owó náà, kọ́kọ́ kà á tẹ̀yìn tiwájú.

Èmi ìyá rẹ,
Ẹ̀rínọlá.