Oúnjẹ Tí Ìyá Dì fún Irúgbìn

Lọ́ńdọ̀nù, 1958

Ìyá Afọlábí mi ní Ifọ̀,

Ara mi le. Dókítà nìkan ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tí o dì sínú ẹrù mi ti hù lójú fèrèsé.

Afọlábí ọmọ rẹ, tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí, na ìka sókè bíi lèmọ́mù lórí mímbárì: “Bàbá, bí omi bá ti kan irúgbìn, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á ránṣẹ́ sí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un, ìyẹn á sì di ṣúgà tí yóò máa jẹ.”

“Bí mo ṣe ń jẹ gaàrí ìyá rẹ nìyẹn. Bó bá tán ńkọ́?”

“Ewé rẹ̀ á ti rí oòrùn, Bàbá.”

Gaàrí mi ti kan ìsàlẹ̀ àpò. Tètè fi òmíràn ránṣẹ́. Bá mi kí Wúlẹ̀mọ̀tù ọmọ wa, kí o sì bá mi kí oòrùn.

Ọkọ rẹ,
Tíṣà Sàlàkọ́