Fèrè Tí Mo Fi Omi Gbígbóná Fọ̀

Ilé Ìbítóyè,
Òsí, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kejì, oṣù Ọ̀wàrà, 1986.

Lazarus, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Ọmọ́bọ́lá aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń da ọmọ kékeré nì láàmú ti fi í sílẹ̀? Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí láti kọ ìwé yìí dá tiyín náà sí láti kà á. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń pariwo bí mo bá ń dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ìwọ náà yóò ti rí i pé ìkọ̀wé yìí kò dọ́gba. Kì í ṣe Bàbá Kátíkíìsì ló bá mi kọ ọ́. Èmi fúnra mi ni, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ àgbà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn yóò gbọ́ ṣáájú rẹ.

Ọ̀rọ̀ fèrè ni. Jọ̀wọ́, má tíì ká ìwé yìí. Kà á tán ná.

O mọ̀ pé bàbá rẹ ní kílárínẹ́ẹ̀tì kan tó ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí o wà ní kékeré, tó sì tà á kí o lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ wọ ilé-ìwé gíga. Ìwọ lo sọ fún un lójú mi pé bí o bá di ẹni tó ń gbowó oṣù, ìwọ yóò ra òmíràn fún un. O kò gbàgbé. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1982, Dáúdà onímọ́tò gbé àpótí dúdú kan wá fún wa láti Kàdúná, o ní ọwọ́ ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ṣójà lo ti rà á. Bàbá rẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni wọ́n kéde pé Japhet Ìbítóyè yóò fọn fèrè ní Ìkórè.

Ṣùgbọ́n fèrè náà ń rùn. Háà! Ó rùn, ọmọ mi. Ó jọ pé ibi tí òjò ń jò sí ni wọ́n gbé e sí tẹ́lẹ̀. Aṣọ pupa inú àpótí rẹ̀ ti bu, ó hu funfun bí àkàrà ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Bí bàbá rẹ bá fi sẹ́nu, òórùn aṣọ tí wọ́n ká láìgbẹ ni yóò gba gbogbo yàrá. Àríkẹ́ aya Ọláoyè wá kí wa, ó di imú mú, ó ní, “Ìyá Lazarus, kí ló kú sílé yín tí ẹ ò tíì sin?” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Ẹ̀bùn ọmọ mi ló ń di imú sí yẹn.

Bàbá rẹ kò kánjú ní tirẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹnu fèrè nìkan ló fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀, nítorí òun kì í ṣe igi. Ìyókù, aṣọ gbígbẹ ló fi ń nu inú rẹ̀ láràárọ̀, yóò ki ìyẹ́ adìyẹ bọ àdín díẹ̀, yóò fi pa igi náà lára, yóò wá ṣí àpótí kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò dé. Bí ó bá fẹ́ pa á dé, yóò fi ìwé ìròyìn di èédú gbígbẹ, yóò tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè kí ó lè máa fa òórùn náà mu. Ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ èédú yẹn. Ó ní, “Àbẹ̀bí, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fún mi ní oṣù kan.” Èmi sì rí i pé Ìkórè kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́.

O mọ̀ mí. Ọwọ́ mi a máa yá ju orí mi lọ. Lọ́jọ́ kan tó lọ sóko, mo wo fèrè náà, mo ní kí ni igi yìí fi sàn ju igbá lọ? Bí igbá bá bu nílé wa, ta ni kò mọ ohun tí à ń ṣe sí i? A ó da omi gbígbóná àti eérú sí i, a ó fi kànìnkànìn bó o, a ó sì gbé e sórí àjà ààrò kí iná yá a. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí fèrè bàbá rẹ gan-an nìyẹn. Mo fọ inú, mo fọ òde, mo tò ó sáàárín àgbàdo irúgbìn lórí àjà, mo koná sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń kọrin. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Kí ó tó ti oko dé, fèrè ti là láti orí dé ìdajì. Àwọn awọ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ irin rẹ̀ ti wú, wọ́n ń já bọ́. Ó gbé e dání títí. Ó bi mí pé, “Omi gbígbóná ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó dáa. Gbé oúnjẹ wá.” Kò bú mi, kò sì jẹ oúnjẹ náà. Bí ó bá tiẹ̀ bú mi ni, ì bá sàn. Láti ọjọ́ kejì, n kò rí àpótí náà nílé mọ́; mo rò pé ó ti sọ ọ́ nù ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ọ. Ìyẹn ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ojú ló tì mí. Ló bá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ ìwé sí ọ, pé òun ti dàgbà, pé èémí òun kò gbé fèrè mọ́, kí o má bínú. Ìwọ sì rò pé ó kẹ́gàn ẹ̀bùn rẹ nítorí pé àlòkù ni. O rán Dáúdà sí wa pé, “Ẹ sọ fún Bàbá pé bí ọwọ́ mi bá tó tuntun, n ó wá.” Bàbá rẹ gbọ́ iṣẹ́ yẹn, ó wò mí, ó gbé àdá rẹ̀, ó gba oko lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń ní ọ̀la ni n ó sọ ọ́, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. O kò tún fojú kàn án láàyè.

Nígbà tí o wá sin ín ní oṣù Ẹrẹ́nà, o dúró létí ibojì bí àlejò, o sì padà ní ọjọ́ kẹta. Mo dì ọ́ lápá mú nídìí mọ́tò, ṣé o rántí? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo la ẹnu, mo ní kí o má gbàgbé iṣu rẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọláoyè, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ní ọ̀nà Òkè-Ọ̀pin, wá bi mí ohun tí a fẹ́ ṣe sí ahéré bàbá rẹ. Ó ní oko ti dákẹ́ jù láti ìgbà tó ti lọ. Mo ní, dákẹ́ báwo? Ó ní, “Àbí ẹ ò mọ̀ pé ó ń fọn fèrè lóko ni? Ó lé lọ́dún mẹ́ta! Ohùn rẹ̀ kò já gaara, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń jáde, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé ó tó ká sinmi.”

Mo gba oko lọ. Mo rí àpótí náà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nínú ahéré. Ó ti fi ìda oyin dí ojú ibi tó là, ó fi òwú yí i po, ó gé awọ ewúrẹ́ rọ́pò àwọn tó já bọ́. Oko ló ti ń fọn ọ́n kí ará ìlú má baà gbọ́ ohùn fèrè tó là, kí wọ́n sì bi í pé ta ló là á. Èédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè, ó fi ìwé ìròyìn dì í. Mo tú u, mo sì ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀: oṣù Èrèlè, ọdún yìí. Oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀ nìyẹn. Lazarus, ní gbogbo ọdún tí o fi ń bínú sí i, ó ń pààrọ̀ èédú nínú ẹ̀bùn rẹ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Èmi ni mo ba fèrè jẹ́, mo sì tún fi ìdákẹ́ ba ohun tó ju fèrè lọ jẹ́. N kò ní kí o tètè dárí jì mí. Bínú bí o ti fẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni kí o bínú sí, má bínú sí òkú mọ́. Bí o bá lè rí ààyè, wá ṣe Ìkórè nílé.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ pẹ́ lẹ́nu rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi ìbínú sin ọ́. Kí o pẹ́ fún wọn, kí wọ́n pẹ́ fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ṣẹ̀ ọ́,
Keziah Àbẹ̀bí Ìbítóyè.

Àfikún: Mo gbàgbé láti sọ fún ọ. Mo ti imú bọ inú fèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò rùn mọ́ rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé e sí dè ọ́, níbi tí oòrùn kò dé, n kò sì fi omi kàn án.