Ọ̀gá Tó Pè Mí Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sango ni mo wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí oyún bà jẹ́ lára mi, oorun dá lójú mi, iṣẹ́ mi sì ń falẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Àlàrí, pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́, ọ̀lẹ ni ẹ́!" Ó lé mi lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni orí fi ń fọ́ mi. Dókítà ní ìbànújẹ́ ọkàn ló fà á.

Ọsibítù kan ní Ijoko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, à ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bí wọn yóò ṣe tún rìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gbé Àlàrí wọlé. Nígbà tó ń sunkún pé òun ò lè dìde, mo tẹ̀ ba, mo sọ sí i létí pé: "Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín, sà. Ọ̀lẹ ni yín."

Ó dá mi mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn fọnfọn, orí ò sì fọ́ mi mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Pásítọ̀ wa, ó ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlàrí. Mi ò fẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Lọ́jọ́ Ẹtì ni Àlàrí ń padà bọ̀ fún ìtọ́jú, èmi ni mo sì máa gbé e dìde.